Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìlú Jákèjádò Èkìtì: Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọ̀dọ́ Wa Rìnrìn Àjò

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin alága, akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, láti Ọ̀tùn dé Ìkẹ́rẹ́, láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè dé Òmùò, a kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìnáwó.

Owó ìrànwọ́ tí ẹ ń fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ilé ìpàdé tí ẹ kọ́, tiransifọ́mà tí ẹ rà, gbogbo rẹ̀ la rí, a sì ń dúpẹ́. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ fi kún un: kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ya owó sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìrìnàjò àwọn ọ̀dọ́ ìlú tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 sí 25. Ẹ kọ́kọ́ mú àwọn tí kò tíì sùn ní ìpínlẹ̀ mìíràn rí, ì báà jẹ́ ọmọ yunifásítì, ì báà jẹ́ ọmọṣẹ́ télọ̀ tàbí ti mẹkáníìkì.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn tó wà lájò ló máa ń dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀. Nígbà ogun Kírìjì tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ń gbé l'Ékòó ló kó ara wọn jọ sínú Ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀, àwọn ló sì rí sí i pé ìbọn ìgbàlódé, èyí tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn ki, dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi, àwọn olórí ogun wa. Ìgboyà kò wọ́n àwọn tó wà nílé. Àmọ́ àwọn tó ti rìn ló mọ ibi tí ìbọn wà, ẹni tó ń tà á, iye owó rẹ̀, àti ọ̀nà tí wọ́n lè gbé e gbà dé òkè. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ la ń wá fún àwọn ọmọ wa.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà èwe? Ẹni 20 ọdún tó bá ṣi ọkọ̀ wọ̀ ní Lọ́kọ́ja, owó ọkọ̀ àti wákàtí díẹ̀ ló pàdánù. Ẹni 40 ọdún tó ń lọ ra ọjà nílùú onílùú fún ìgbà àkọ́kọ́, tó sì gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí kò yẹ, owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ lè bá a lọ. Ohun mìíràn tún wà tí a kì í sábà sọ. Nílé, ìbéèrè "ọmọ ta ni ọ́?" ti ṣí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn fún ọmọ wa kó tó la ẹnu. Ní Bídà tàbí ní Kétu ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ bàbá rẹ̀. Ìkíni rẹ̀, sùúrù rẹ̀ àti bó ṣe mọ ọ̀rọ̀ sọ nìkan ló kù fún un. Ọmọ tó bá ti lo ọjọ́ márùn-ún bẹ́ẹ̀ máa ń padà wá pẹ̀lú ohùn tó já gaara, yóò sì mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan.

Ti iṣẹ́ ọwọ́ ńkọ́? Télọ̀ tó ń ra aṣọ òkè lọ́jà Ọba l'Ádó máa ń rò pé bí aṣọ ṣe fẹ̀ lọ́jà ló ṣe jáde lórí òfì. Bó bá dé Ìsẹ́yìn, yóò rí i pé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jáde, nǹkan bí ìnṣì mẹ́rin sí mẹ́fà ní fífẹ̀, gígùn gbọọrọ, kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n sì rán an pọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, yóò lè ṣírò iye tẹ́ẹ́rẹ́ tí agbádá kan máa gbà, yóò mọ ibi tí gígé ti ń fi aṣọ ṣòfò, yóò sì ní nọ́ńbà fóònù ahunṣọ tó lè bá a hun àwọ̀ tí oníbàárà fẹ́. Bákan náà ni ọmọ tó ń kọ́ ìkòkò mímọ ní Ìsàn. Ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dada, ní Òkèlélé nílùú Ìlọrin. Kó wo bí wọ́n ṣe ń to ìkòkò fún sísun, kó béèrè ẹni tó ń wá kó o, èló lonítọ̀hún ń rà á, èló ló ń tà á. Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sóko tó tó ti bàbá òun. Bẹ́ẹ̀ ló lè jẹ́ pé oko bàbá tirẹ̀ ló dára jù lóòótọ́ o, àmọ́ kò ní mọ ohun tó lè tà níbẹ̀.

Bí ẹ bá gbà, ìpele mẹ́ta ni kí ẹ pín in sí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó le jù.

Ìpele kìíní, ìrìnàjò ọjọ́ kan, àlọ àti àbọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Adó ló jẹ́ pé inú ìwé nìkan ni wọ́n ti mọ Ìkọ́gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Àwọn ẹlòmíràn kò tíì rí Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi. Láti ibẹ̀ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò jìnnà rárá, agbègbè ìyẹn àti Ìgbájọ sì ni ogun Kírìjì ti jà títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn lọ sí gáréèjì láti béèrè owó ọkọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n yan ẹni tí owó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n pe ààfin ṣáájú láti gbàyè. Àgbà tó bá wọn lọ, kó dúró lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ àgbà ló ń sanwó ọkọ̀, tó jẹ́ àgbà ló ń béèrè ọ̀nà, ọmọ náà kò rìnrìn àjò. Wọ́n kàn gbé e kiri ni.

Ìpele kejì, ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà. Ọ̀nà kan tó dára nìyí: ẹ gba Ọ̀tùn lọ sí Ọ̀mù-Àrán, kí ẹ yà sí Èsìé láti wo àwọn ère òkúta. Ilé musíọ́mù tó wà níbẹ̀ ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Láti ibẹ̀, ó di Ìlọrin, Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn, kí ẹ tó wọ Ìbàdàn. Ní Mọníyà, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Abẹ́òkúta lọ sí Èkó, ìrìn 157 kìlómítà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọjọ́ náà. Jíjókòó lójú ferese rélùwéè, kí ọmọ máa wo bí ilẹ̀ ṣe ń yí padà láti Ìbàdàn títí dé etí ọ̀sà, ó ń fi bí ilẹ̀ Yorùbá ṣe tò hàn án ju máàpù ara ògiri lọ.

Èèyàn 14 ni kó lọ: ọ̀dọ́ 12, àgbà ọkùnrin kan, àgbà obìnrin kan. Ìdí tí a fi mú iye yìí ni pé bọ́ọ̀sì elérò 14 ló wọ́pọ̀ ní gáréèjì wa, ẹ ó sì lè háyà odidi ọkọ̀. Àǹfààní èyí pọ̀. Ọkọ̀ tí ẹ kò háyà, bí wọ́n tilẹ̀ ní yóò gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀, kò ní kúrò títí yóò fi kún. Bó bá kún ní aago mẹ́wàá, ó di dandan kí alẹ́ bá yín lọ́nà. Alẹ́ lójú ọ̀nà ni ewu tó pọ̀ jù lórílẹ̀-èdè yìí báyìí, ti ajínigbé àti ti jàǹbá ọkọ̀. Òfin tiwa ni pé ìdajì ọ̀nà gbọ́dọ̀ ti parí kí aago 11 tó lù, kí gbogbo èèyàn sì ti wọlé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí àkókò bá ti bàjẹ́, ẹ sùn síbi tí ẹ bá dé. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń ní kí ìdá márùn-ún owó ìrìnàjò wà ní ìpamọ́ lọ́wọ́ àgbà obìnrin yẹn. Bí ẹ bá ti ṣírò ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ibi tí wọ́n máa sùn, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ àti owó àbáwọlé, ẹ fi ìdá márùn-ún àròpọ̀ rẹ̀ kún un. Owó epo lè gòkè láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ lè bàjẹ́, àìsàn lè dé.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan wọ ọkọ̀ sóólè. Lóòótọ́, ó máa ń dín owó kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ èrò lákọsílẹ̀ níbì kankan; bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, gáréèjì kò mọ̀, ìdílé kò sì mọ ibi tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Nínú gáréèjì, kí wọ́n kọ orúkọ wọn àti nọ́ńbà ẹni tó wà nílé sínú ìwé èrò, nọ́ńbà tó ń lọ. Kí wọ́n ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́. Kí wọ́n tó sanwó, kí ọ̀dọ́ méjì yí ọkọ̀ náà po. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà, wọn yóò rí nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ìlà tó ní DOT. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí wọ́n ṣe táyà náà: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló máa ń wà nígbà mìíràn, nítorí náà bí wọn kò bá rí i níta, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo inú. Táyà tó bá ti lé ní ọdún mẹ́rin, kó má gbé ọmọ yín lọ síbi jíjìn, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Rọ́bà máa ń gbó láti inú, ooru ọ̀dà á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ tí eré bá pọ̀ ni yóò bẹ́. Kí wọ́n wo táyà àṣẹ́kù pẹ̀lú, kí wọ́n wo jáàkì, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ bóyá ó sùn lánàá. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122, ti pàjáwìrì gbogbogbòò ni 112. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Ní ti oúnjẹ, ohun tó gbóná ni kí wọ́n jẹ. Ẹni tí èébì ọkọ̀ máa ń gbé, iwájú ni kó jókòó, kó má sì jẹun yó kó tó wọkọ̀. Ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí fọ̀níkúfọ̀ladìde gbọ́dọ̀ sọ fún àgbà kí wọ́n tó gbéra, kó sì gbé oògùn tó máa tó o fún ọjọ́ ìrìnàjò àti ọjọ́ mẹ́ta lé. Owó ọwọ́, kí wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ó má wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú fóònù. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé fọ́tò sórí Facebook, ó di ìgbà tí wọ́n bá ti kúrò ní ìlú náà.

Ẹ̀yin ìyá wa, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin ló máa le jù. Bí ẹ bá fi ìforúkọsílẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ọkùnrin ni yóò gba gbogbo àyè náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé àyè mẹ́fà nínú 12 jẹ́ ti obìnrin. Kí yàrá wọn wà nítòsí ti àgbà obìnrin, kó kọ́kọ́ wo bóyá ilẹ̀kùn ní kọ́kọ́rọ́ láti inú, kí owó ohun èlò nǹkan oṣù sì wà nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí àgbà náà lọ bá òbí kọ̀ọ̀kan nílé; ìpè fóònù kò tó fún èyí.

Ìpele kẹta ni líla ẹnubodè. Àwọn tó bá ti parí ìpele kejì nìkan ni kó lọ, nítorí owó rẹ̀ kò kéré. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, páàsípọ́ọ̀tì olójú ewé 32, ọlọ́dún márùn-ún, ti di ₦100,000. Ti olójú ewé 64, ọlọ́dún 10, jẹ́ ₦200,000. Èèyàn 12 lọ́nà ₦100,000, ó ti di mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún náírà kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹgbẹ́ yá wọn ní ìdajì, kí ọmọ máa san án padà díẹ̀díẹ̀, torí pé ìwé náà yóò wúlò fún un lẹ́yìn tí ìrìnàjò yín bá parí. Kí wọ́n tó sanwó rárá, kí oníkálukú fi NIN rẹ̀ wé ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN ni yóò jáde lórí páàsípọ́ọ̀tì. Ẹni tó jẹ́ "Olúwaṣeun" lórí ìwé ẹ̀rí WAEC, tó wá jẹ́ "Ṣeun" lórí NIN, inú wàhálà ló wà, àtúnṣe rẹ̀ sì máa ń pẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìrìnàjò ti ń fọ́. Kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀kan láyé ti tó, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì pupa-rúsúrúsú tó jẹ́ ẹ̀rí abẹ́rẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ẹni tó gbà á lánàá kò tíì lè fi í kọjá.

Àdéhùn ECOWAS ti 1979 gba ọmọ Nàìjíríà láyè láti wọ orílẹ̀-èdè yòókù nínú ẹgbẹ́ náà fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná. A dábàá Kétu fún ìrìnàjò àkọ́kọ́. Láti Àgbádárìgì sí Sèmè, wọ inú Bẹ̀nẹ̀ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kí ẹ gba Sakété àti Pobè gòkè. Ní Sèmè, òǹtẹ̀ méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà, ti ìjáde kúrò ní Nàìjíríà àti ti ìwọlé sí Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà yóò wá sọ fún wọn pé àwọn mọ ọ̀nà fàyàwọ́ tó yá jù. Kí wọ́n má tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá wọlé láìgba òǹtẹ̀ ti di arúfin, ọlọ́pàá àkọ́kọ́ tó bá dá a dúró ló ni owó àpò rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ náírà sí sẹ́fà, kí wọ́n ti ṣe ìṣirò náà lórí fóònù ṣáájú, kí wọ́n gba sẹ́fà, kí wọ́n kà á tán lẹ́ẹ̀mejì kí náírà tiwọn tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Ṣíṣẹ́ owó po sí méjì kí ewé kan lè dàbí méjì ni ọgbọ́n tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kọjá lọ sí Tógò tàbí Gánà lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n rántí pé aago ibẹ̀ fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa.

Ní Kétu, kí àwọn ọmọ dúró ní Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ tí ìlú náà fi ń dá ogun dúró. Ní 1886, ọdún kan náà tí Èkìtì rí àlàáfíà, ni àwọn ọmọ ogun Dahomey wó Kétu, tí wọ́n sì kó àwọn èèyàn ibẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n ṣì ń sọ Yorùbá níbẹ̀ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé ni ìwé ìjọba. Ọmọ Èkìtì tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa yóò gbọ́ ìyá kan lọ́jà tó ń ná ọjà ní Yorùbá, tó ń ka owó ní Faransé. Bí ọmọ bá ń ronú láti kọ́ èdè Faransé, ibẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ̀ ti máa ń wọlé.

Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ ẹnubodè tó bẹ́ẹ̀ kọjá gbígbádùn ìrìnàjò. Àwọn tó ń kó ọmọ ṣòwò ẹrú òde òní máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ tí kò dé ibì kankan rí. Wọ́n á ní iṣẹ́ wà ní ilẹ̀ òkèèrè, kò sí ìwé tó nílò, àwọn á bá a tọ́jú páàsípọ́ọ̀tì rẹ̀. Ọmọ tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba òǹtẹ̀ mọ̀ pé páàsípọ́ọ̀tì kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ó mọ̀ pé 90 ọjọ́ ìbẹ̀wò kò gba èèyàn láyè láti ṣiṣẹ́. Ó mọ bí ọ̀nà tó tọ́ ṣe rí, nítorí náà yóò tètè mọ ọ̀nà àlùmọ̀kọ́rọ́yí. Ẹni tó bá gbọ́ nípa irú ìpè bẹ́ẹ̀ lè pe NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò ẹrú, lórí 627. Ìkìlọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí dára, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti rìn rí ni ìkìlọ̀ yé jù.

Ó tún máa ràn yín lọ́wọ́ nígbà àgùnbánirọ̀. Àwọn òbí tó ń sá sókè sá sódò kí wọ́n má gbé ọmọ wọn jìnnà, ibi tí ààbò kò bá sí nìkan ló yẹ kí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìlú tí wọ́n gbé e lọ bá wà lálàáfíà, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ohun mẹ́ta ló lè ba ètò yìí jẹ́ nínú ẹgbẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kíyè sí i. Èkíní, kí ó di ti ọmọ alága àti ọmọ akápò. Ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó yẹ sínú ìwé pélébé, ẹ fà á nínú igbá lójú ìpàdé. Èkejì, kí owó náà bá fílà, ẹ̀wù ẹgbẹ́ àti bánà lọ. Bí a bá ní ká rán ẹ̀wù fún èèyàn 14, owó oorun alẹ́ kan ti lọ. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ pátápátá. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìdá mẹ́wàá owó tirẹ̀ wá, kódà bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Èyí tó bá fi òógùn rẹ̀ sí, yóò jí lásìkò.

Nígbà tí wọ́n bá padà dé, ẹ fún wọn ní wákàtí kan nínú ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Kí oníkálukú ka ìwé ìnáwó rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní dé ìkẹyìn, kó sì sọ ohun kan tó rí níbòmíràn tó ṣeé ṣe nílùú wa, pẹ̀lú iye tó máa náni. Ẹ bi wọ́n léèrè dáadáa, bí ẹ ṣe ń bi akápò.

Bí ẹ bá fọwọ́ sí i nínú ìpàdé gbogbogbòò oṣù Kejìlá, oṣù Kìíní ni kí ẹ fa orúkọ, kí ẹ sì yẹ NIN wò. Oṣù Kejì, kí ẹ lọ bá àwọn òbí. Àsìkò Àjíǹde dára fún ìrìn ọjọ́ kan, oṣù Kẹjọ fún ti ọjọ́ mẹ́fà, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá gba ìsinmi; ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ náà, torí òjò. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí a wá bá akọ̀wé àti akápò jókòó ti ìṣirò náà, kó ránṣẹ́ sí wa. A ó mú àpẹẹrẹ ìwé ìyọ̀ǹda òbí àti ìwé ìnáwó wá, a kò ní gba kọ́bọ̀.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwa tí a ń bá àwọn ọ̀dọ́ ṣètò ìrìnàjò,
Adó-Èkìtì.